Ohùn Kì í Dúró De Ẹ̀rọ: Voicemail Iléeṣẹ́ Lórí Virtual Machine

Ní ọdún 1999, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Mark Spencer ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Auburn, ní ìpínlẹ̀ Alabama lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ó dá iléeṣẹ́ kékeré kan sílẹ̀, Linux Support Services, láti máa bá àwọn tó ń lo Linux yanjú ìṣòro wọn. Àwọn oníbàárà fẹ́ máa pè é lórí fóònù, wọ́n sì fẹ́ lè fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ nígbà tí kò bá sí ẹni tó máa gbé e. Ó wádìí iye tí wọ́n ń ta ẹ̀rọ tẹlifóònù iléeṣẹ́, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní PBX. Apá rẹ̀ kò ká a. Ló bá jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ti ara rẹ̀. Ohun tó kọ náà ni wọ́n ń pè ní Asterisk, ó sì fi í sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè lò ó, kí wọ́n sì lè tún un ṣe.

Voicemail tó wà nínú Asterisk ní orúkọ tirẹ̀: Comedian Mail. Àwọn tó mọ iṣẹ́ tẹlifóònù láyé ìgbà náà mọ ibi tí orúkọ yẹn ti wá, torí Meridian Mail ni ẹ̀rọ voicemail tí iléeṣẹ́ Nortel ń tà fáwọn iléeṣẹ́ ńláńlá. Ọmọ ilé ìwé kan ti kọ irú ohun tí àwọn olówó ń rà, ó sì ń fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí dá lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, nígbà tí voicemail jáde kúrò nínú àpótí irin tó sì wọ inú virtual machine, àti ohun tó yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ gbé e kalẹ̀ fún iléeṣẹ́ rẹ̀ mọ̀ kó tó dáwọ́ lé e.

Àpótí irin náà ní ìtàn. Ní Dallas, ní Texas, ọ̀gbẹ́ni Gordon Matthews dá iléeṣẹ́ kan sílẹ̀ lọ́dún 1979 tí wọ́n wá ń pè ní VMX nígbẹ̀yìn. Ọ̀kan lára àwọn tó kọ́kọ́ ra ẹ̀rọ rẹ̀ ni iléeṣẹ́ 3M, ìjọba Amẹ́ríkà sì fún un ní ìwé ẹ̀tọ́ lórí ọgbọ́n rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 1983. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, nígbà ìdíje Òlíḿpíìkì ní Los Angeles, IBM gbé ẹ̀rọ ìfọ̀rọ̀sílẹ̀ kan kalẹ̀ fáwọn eléré ìdárayá. Èdè 12 ló ń sọ, wọ́n sì lò ó ju ìgbà 40,000 lọ. Octel, iléeṣẹ́ míì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní California lọ́dún 1982, kò ṣe ju voicemail lọ. Nígbà tí Lucent máa rà á ní 1997, bílíọ̀nù dọ́là kan àti ẹgbẹ̀rin mílíọ̀nù ló san. Owó tó wà nínú ohùn tí èèyàn fi sílẹ̀ nígbà yẹn nìyẹn, ẹni tí kò bá sì ní irú owó bẹ́ẹ̀, akọ̀wé rẹ̀ ni yóò máa kọ orúkọ àwọn tó pè sórí ìwé pélébé.

Ọgbọ́n virtual machine dàgbà ju voicemail lọ. Ní Cambridge, ní Massachusetts, àwọn òṣìṣẹ́ IBM ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é láàárín ọdún 1960 sí 1970 lórí kọ̀ǹpútà ńláńlá, ọjà tí wọ́n gbé jáde láti inú rẹ̀ ní 1972 sì ni VM/370. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn tó ní kọ̀ǹpútà ńlá nìkan ló jẹ àǹfààní rẹ̀. Ọdún 1998 ni Diane Greene, ọkọ rẹ̀ Mendel Rosenblum tó jẹ́ olùkọ́ ní Stanford, àti àwọn mẹ́ta míì dá VMware sílẹ̀, wọ́n sì gbé ọgbọ́n náà wá sórí irú kọ̀ǹpútà tó wà lórí tábìlì gbogbo èèyàn. Lẹ́yìn wọn ni Xen jáde láti Yunifásítì Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2003. Ní oṣù kejì 2007, KVM wọ inú Linux fúnra rẹ̀, láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó ní láti sanwó kó tó lè pín kọ̀ǹpútà kan sí mẹ́wàá.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le. Server gidi kan wà, irin tí èèyàn lè fọwọ́ kàn. Sọ́fúwíà kan tí wọ́n ń pè ní hypervisor jókòó lórí rẹ̀, ó ń pín mẹ́mọ́rì, dísìkì àti processor rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí kò ní ara. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú wọn gbà pé òun nìkan ló ni ilé. Mẹ́mọ́rì ṣeé gé sí wẹ́wẹ́, dísìkì náà ṣeé gé. Processor ni kò ṣeé gé bẹ́ẹ̀. Ohun tí hypervisor ń pín níbẹ̀ ni àsìkò: á fún virtual machine yìí láyè díẹ̀, á dá a dúró, á fún òmíì láyè, á sì padà wá. Ó ń yára débi pé ẹni tó ń ka ímeèlì tàbí tó ń tẹ ìwé owó kò ní mọ̀ pé wọ́n dá ẹ̀rọ òun dúró rí.

Ohùn máa ń mọ̀.

Ìlànà tí tẹlifóònù gbogbo ayé ń tẹ̀ lé láti ọdún 1972, èyí tí wọ́n ń pè ní G.711, máa ń wọn ohùn èèyàn ní ìgbà 8,000 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nígbà tí ohùn náà bá ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n máa ń dì í sí pákẹ́ẹ̀tì kéékèèké, mílísẹ́kọ́ǹdì 20 ohùn nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àádọ́ta pákẹ́ẹ̀tì ló gbọ́dọ̀ jáde ní ìṣẹ́jú-àáyá kan fún ẹnì kan ṣoṣo tó ń gbọ́ ìkíni àpótí ohùn. Bí èèyàn 24 bá pè lẹ́ẹ̀kan náà láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, 1,200 ni, olúkúlùkù ní àsìkò tirẹ̀, kò gbọ́dọ̀ yá, kò gbọ́dọ̀ pẹ́. Bí hypervisor bá wá dá virtual machine yẹn dúró fún mílísẹ́kọ́ǹdì 100 péré torí pé aládùúgbò rẹ̀ lórí server kan náà ń ṣe ìṣirò owó oṣù, pákẹ́ẹ̀tì márùn-ún ti pẹ́ fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan. Fóònù máa ń ní àyè kékeré tó fi ń dúró de pákẹ́ẹ̀tì tó bá fà sẹ́yìn. Bí ìdádúró bá kọjá àyè yẹn, ohùn á já.

Èyí tó ń dunni jù ni ti ohùn tí wọ́n ń gbà sílẹ̀. Bí ìkíni bá já, ẹni tó pè á gbọ́ ìyókù, á sì lóye. Ṣùgbọ́n bí àlàfo bá wọ inú ọ̀rọ̀ tí oníbàárà ń fi sílẹ̀, títí láé ló wà níbẹ̀. Oníbàárà ti pe nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀ tán, ó ti gbé fóònù kalẹ̀, ó ti lọ. Kò sí ẹni tó wà níbẹ̀ láti sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un pè." Bákan náà ni nọ́ńbà tí wọ́n ń tẹ̀: ẹni tó bá tẹ 1 tí ẹ̀rọ kò gbọ́, á tún tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ á wá gba méjèèjì pa pọ̀, á gbé e lọ sí ibi tí kò ní í ṣe.

Ó yẹ kí èèyàn mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí aago Asterisk, torí ibẹ̀ ni ọ̀ràn yìí ti hàn kedere jù. Níbẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ lo Asterisk ní láti ki káàdì bọ inú kọ̀ǹpútà rẹ̀ kí okùn tẹlifóònù lè wọlé. Jim Dixon ló ṣe àwọn káàdì àkọ́kọ́ irú bẹ́ẹ̀ tó bá Asterisk ṣiṣẹ́, ó sì fi àwòrán rẹ̀ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Káàdì náà ní iṣẹ́ kejì tí ọ̀pọ̀ kò kà sí: òun ló ń lu aago. Ìgbà 1,000 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ló ń kan processor lára pé àsìkò ti tó. Nígbà tí okùn tẹlifóònù di ìlà SIP tó ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì, káàdì kò wúlò mọ́, ìdí nìyẹn tí Asterisk fi lè wọ inú virtual machine tí kò ní ihò tí wọ́n lè ki káàdì bọ̀. Káàdì lọ, aago sì bá a lọ. Wọ́n kọ́kọ́ fi sọ́fúwíà kan tó ń ṣe bíi káàdì dí àlàfo náà. Nígbà tó yá, ní ìdílé ẹ̀yà 1.6, Asterisk bẹ̀rẹ̀ sí í gba àsìkò lọ́wọ́ Linux fúnra rẹ̀. Ó dára, ó ń ṣiṣẹ́. Síbẹ̀, Linux tó wà nínú virtual machine kò lè fúnni ní àsìkò tí hypervisor kò tíì fún un.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí olùtọ́jú voicemail gbọ́dọ̀ kọ́ ni bí wọ́n ṣe ń wo àsìkò tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹ̀rọ rẹ̀. Lórí Linux, tó bá pe àṣẹ top, á rí lẹ́tà méjì, st, àti nọ́ńbà kan níwájú rẹ̀: ìdá àsìkò tí virtual machine náà fẹ́ ṣiṣẹ́ tí hypervisor sì ń fún ẹlòmíì láyè ni. Lórí VMware, CPU Ready ni wọ́n ń pe irú nọ́ńbà yẹn. Server ímeèlì lè gbé pẹ̀lú ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún láìsí ẹni tó máa ráhùn. Fún voicemail, ẹni tó bá rí nọ́ńbà yẹn tó ń gòkè láàárọ̀, nígbà tí ìpè pọ̀ jù, kó má dúró de ìgbà tí oníbàárà máa fẹjọ́ sùn.

Iléeṣẹ́ Cisco mú ọ̀rọ̀ yìí le ju gbogbo àwọn yòókù lọ, wọ́n sì ṣe dáadáa. Voicemail tiwọn, Unity Connection, bẹ̀rẹ̀ sí í wọ virtual machine ní ìdílé ẹ̀yà 8 tó jáde ní 2010. Láti ẹ̀yà 10, ibẹ̀ nìkan ló ń gbé. Ìlànà wọn sọ pé processor tí wọ́n bá fún voicemail, kí wọ́n má ṣe ta á fún ẹlòmíì lẹ́ẹ̀kejì. Tí server bá ní core mẹ́jọ, àpapọ̀ ohun tí wọ́n pín fáwọn virtual machine orí rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kọjá mẹ́jọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n tún ń béèrè pé kí core kan wà lófìfo pátápátá lórí server tí Unity Connection bá wà, kí hypervisor fúnra rẹ̀ lè ráyè ṣiṣẹ́ láì tọ́ ohùn. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá iléeṣẹ́ ló máa ń wo ìlànà yìí bí ìfiṣòfò, torí ohun tí wọ́n rà virtual machine fún ni kí wọ́n lè kó ọ̀pọ̀ nǹkan jọ sórí irin kan. Ìfiṣòfò kọ́. Àsìkò ni wọ́n ń rà.

Ìwọ̀nba àyè ni ohùn ń gbà ní dísìkì, èyí sì máa ń ya àwọn tí kò tíì ṣírò rẹ̀ lẹ́nu. Ìṣẹ́jú kan G.711 jẹ́ báìtì 480,000. Ká ní òṣìṣẹ́ 100 ló wà ní iléeṣẹ́ kan, tí olúkúlùkù sì tọ́jú ọ̀rọ̀ 20 tó gùn tó ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ kò tíì tó gígábáìtì kan. Bí wọ́n bá fi ìlànà GSM tó ń há ohùn pọ̀ sí ìdá márùn-ún tọ́jú rẹ̀, kò ní ju mẹ́gábáìtì 200 lọ. Dísìkì ńlá kọ́ ni voicemail nílò. Dísìkì tó ń tètè dáhùn ló nílò, èyí tí ẹ̀rọ míì kò ní máa fi kíkọ àti kíkà há mọ́ lọ́wọ́ ní àárín ọ̀sán.

Ibi tí ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ti ń ṣubú wà níwájú. Snapshot ni. Hypervisor lè dá virtual machine mú bó ṣe wà ní àkókò kan, kí wọ́n lè dá a padà síbẹ̀ bí nǹkan bá bàjẹ́. Ó rọrùn, ó yá, àwọn olùtọ́jú sì fẹ́ràn rẹ̀ débi pé wọ́n ń pè é ní backup. Fún voicemail, ewu méjì ló wà nínú rẹ̀. Àkọ́kọ́, nígbà tí wọ́n bá ń ya snapshot, àti nígbà tí wọ́n bá ń pa á rẹ́ lẹ́yìn náà, hypervisor máa ń dá ẹ̀rọ dúró pátápátá fún ìgbà díẹ̀, ìgbà díẹ̀ yẹn sì lè gùn ju ohun tí ohùn lè fara dà. Ìkejì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ká ní wọ́n ya snapshot lọ́jọ́ Ajé, tí àtúnṣe kan sì ba ẹ̀rọ jẹ́ lọ́jọ́bọ̀, tí wọ́n wá dá a padà sí ti ọjọ́ Ajé. Ẹ̀rọ á dìde, gbogbo èèyàn á yọ̀. Ọ̀rọ̀ tí àwọn oníbàárà fi sílẹ̀ láti ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́bọ̀ ti lọ, kò sì sí àkọsílẹ̀ kankan tó máa sọ fún ẹnikẹ́ni pé ó wà rí. Àwọn èyí tí wọ́n ti gbọ́ tí wọ́n sì ti parẹ́ á tún jí padà bí ọ̀rọ̀ tuntun, òṣìṣẹ́ á sì máa pe àwọn tó ti dá lóhùn. Cisco kò fọwọ́ sí snapshot rárá fún Unity Connection tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́.

Ẹ̀dà tó yẹ ni ẹ̀dà tó ti inú iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ wá. Lórí Asterisk, kò le. Fáìlì lásán ni àwọn ọ̀rọ̀ náà, nínú fódà kan tó wà lábẹ́ /var/spool/asterisk/voicemail: ohùn kan, pẹ̀lú ìwé kékeré tó sọ ẹni tó pè, ọjọ́ àti wákàtí. Ẹni tó bá ń dà wọ́n kọ lọ sí kọ̀ǹpútà míì ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, pẹ̀lú àwọn fáìlì ètò tó wà nínú /etc/asterisk, ti ní ohun tó fi lè kọ́ voicemail tuntun láàárín wákàtí kan, ì báà jẹ́ lórí irin tó yàtọ̀, lábẹ́ hypervisor tó yàtọ̀. Àti pé kó gbìyànjú rẹ̀. Kó gbé ẹ̀dà náà sórí virtual machine tó ṣófo, kó pè é, kó gbọ́ ọ̀rọ̀ àná níbẹ̀. Ẹ̀dà tí ẹnikẹ́ni kò tíì dá padà rí kò yẹ ní ohun tí wọ́n máa gbọ́kàn lé.

Wákàtí tó wà lára ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan náà ṣe pàtàkì. Virtual machine tí wọ́n bá dá dúró tí wọ́n sì tún jí lè máa gbé pẹ̀lú aago tó ti fà sẹ́yìn, oníbàárà tó pe amòfin rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti dá ẹjọ́ á wá dà bí ẹni tó pè ní aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí kóòtù tó jókòó. Sọ́fúwíà bíi chrony, tó ń bá aago gidi lórí íntánẹ́ẹ̀tì sọ̀rọ̀, kò ní ju ìlà díẹ̀ lọ láti ṣètò.

Àwọn iléeṣẹ́ tó bá lówó díẹ̀ máa ń ní virtual machine méjì fún voicemail, kí ọ̀kan lè gba iṣẹ́ bí èkejì bá kú. Unity Connection ní ètò bẹ́ẹ̀ nínú, méjèèjì ń gba ìpè, wọ́n sì ń da ọ̀rọ̀ kọ fún ara wọn. Ó dára, àfi bí hypervisor bá lọ kó àwọn méjèèjì sórí server kan náà, èyí tó máa ń ṣẹlẹ̀ bí ẹnikẹ́ni kò bá kìlọ̀ fún un, torí ibi tí àyè bá wà ló ń gbé ẹ̀rọ sí. Ìyẹn ni àgbò méjì tí wọ́n so mọ́ èèkàn kan. Èèkàn fà tu, àgbò méjèèjì lọ. Gbogbo hypervisor ńlá ló ní òfin tí wọ́n lè fi sọ pé kí ẹ̀rọ méjì má ṣe gbé pọ̀ láé. Ó yẹ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ gan-an. Ní Nàìjíríà, níbi tí iná ìjọba kò ti ṣeé gbọ́kàn lé, server méjì tó ń mu iná láti ara UPS kan ṣoṣo wà lórí èèkàn kan náà.

Owó tún ti yí padà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, Broadcom ra VMware ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 69 dọ́là. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n kéde pé àwọn kò ní ta láísẹ́ǹsì tí èèyàn ń rà lẹ́ẹ̀kan mọ́. Sísan lọ́dọọdún ló kù. Ní oṣù kejì 2024, wọ́n mú ESXi, hypervisor VMware tó jẹ́ ọ̀fẹ́ tí ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ kékeré ń lò, kúrò, kí wọ́n tó dá a padà ní oṣù kẹrin ọdún 2025. Àwọn tó ti gbé voicemail Cisco kalẹ̀ ló kọ́kọ́ mọ ìrora rẹ̀ lára, nítorí pé fún ọ̀pọ̀ ọdún, VMware nìkan ni hypervisor tí Cisco fọwọ́ sí fún un. Iléeṣẹ́ tó ń lo Asterisk lórí KVM, tàbí lórí Proxmox tí wọ́n ń ṣe ní Vienna tó sì ń lo KVM nínú, kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Fún iléeṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ wà láàárín ogún sí igba, tó sì ní ẹnì kan tó mọ Linux dáadáa, ọ̀nà yìí ló tọ́. Ọsibítù ńlá tí kò ní irú ẹni bẹ́ẹ̀, tó sì fẹ́ kí ẹnì kan máa dáhùn ní òru bí ohùn bá já, ó lè sanwó fún Cisco láìsí ẹ̀bi.

Ọ̀rọ̀ ààbò kò ṣeé fò. Ní oṣù kìíní 2007, ilé ẹjọ́ ní London rán Clive Goodman, akọ̀ròyìn ìwé ìròyìn News of the World, àti Glenn Mulcaire tó ń ṣèwádìí fún ìwé ìròyìn náà lọ sẹ́wọ̀n nítorí pé wọ́n ń gbọ́ voicemail ẹlòmíì. Ìtàn náà ò parí síbẹ̀: ọjọ́ kẹwàá oṣù keje 2011 ni ìwé ìròyìn náà jáde kẹ́yìn, lẹ́yìn ọdún 168. Ọgbọ́n tí wọ́n lò kò jinlẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò yí PIN tí iléeṣẹ́ fóònù fún wọn padà. Lónìí pàápàá, a ṣì ń rí àpótí ohùn iléeṣẹ́ tí PIN rẹ̀ jẹ́ nọ́ńbà fóònù ọ́fíìsì náà gan-an. Olè tó bá wọ ibẹ̀ lè má fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan. Bí wọ́n bá ṣí àyè sílẹ̀ fún pípe ìta láti inú àpótí ohùn, yóò máa pe nọ́ńbà olówó gọbọi nílẹ̀ òkèèrè ní òru, iléeṣẹ́ ni yóò sì san gbèsè rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2020, àwọn olùṣèwádìí iléeṣẹ́ Check Point tú àṣírí àwọn kan tó ti gba ihò kan nínú sọ́fúwíà FreePBX wọ ẹ̀rọ tẹlifóònù nǹkan bíi 1,200 iléeṣẹ́ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, tí wọ́n sì ń ta ìpè níbẹ̀. Àtúnṣe ihò yẹn ti jáde ní ọdún kan ṣáájú. Virtual machine kì í dáàbò bo ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ilẹ̀kùn tí wọ́n ṣí sílẹ̀. Kí olùtọ́jú má ṣe fi ojú ìwé ètò ẹ̀rọ rẹ̀ hàn sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó sì máa gba àtúnṣe lásìkò.

Ẹni tó bá mọ Nàìjíríà lè béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi gbogbo èyí ṣe níbẹ̀. Láti ìgbà tí GSM ti dé ní 2001, voicemail àwọn iléeṣẹ́ fóònù kò rí ojúure: bí èèyàn bá gbọ́ ohùn ẹ̀rọ, á tètè gé ìpè kí owó má bàa lọ. Ṣùgbọ́n láti 2013 tí WhatsApp ti gba ọ̀rọ̀ ẹnu wọlé, tàgbàtèwe ló ń fi ohùn ránṣẹ́ lójoojúmọ́, láti Ìbàdàn dé Peckham ní London. Kò sí ìran tó fẹ́ràn fífi ọ̀rọ̀ ẹnu sílẹ̀ bíi tiwa. Ìṣòro iléeṣẹ́ ni pé ohùn oníbàárà ń wọ inú fóònù òṣìṣẹ́ kan. Ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ náà bá kúrò níbi iṣẹ́, ẹ̀dùn ọkàn oníbàárà, àdéhùn tó ṣe, àti iye tí wọ́n jọ fẹnu kò sí, gbogbo rẹ̀ bá a lọ. Voicemail tó wà lórí virtual machine iléeṣẹ́ jẹ́ ti iléeṣẹ́. Ó tún lè fi ohùn náà ránṣẹ́ sí ímeèlì ẹni tó kàn lójú ẹsẹ̀, kí ó sì ní ẹ̀dà nílé. Ó ní ojúṣe tó bá a rìn: Òfin Ààbò Dátà tí wọ́n buwọ́ lù ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹfà 2023 kan ohùn aláìsàn tó ń sọ àìsàn rẹ̀ sórí ẹ̀rọ ọsibítù, kò sì yẹ kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ kọjá ìgbà tó bá wúlò. Ètò tó ń pa ọ̀rọ̀ àtijọ́ rẹ́ fúnra rẹ̀ wà nínú Unity Connection, wọ́n sì lè ṣètò irú rẹ̀ fún Asterisk.

Ohun kan tún wà tí ẹ̀rọ olówó iyebíye àtijọ́ kò jẹ́ kó ṣeé ṣe: kí ẹ̀rọ máa sọ Yorùbá. Lórí Asterisk, fódà ohùn kọ̀ọ̀kan ní àmì èdè tirẹ̀, yo sì ni àmì Yorùbá. Ẹni tó bá rò pé kí òun kàn gba àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ ní Yorùbá ni á rí i pé ọ̀nà kò gba ibẹ̀. Ẹ̀rọ máa ń to gbólóhùn rẹ̀ láti ara ègé: nọ́ńbà kọ́kọ́, lẹ́yìn náà "tuntun," lẹ́yìn náà "ọ̀rọ̀." Ó ń to 25 láti ara 20 àti 5. Yorùbá kì í kà báyẹn. Fún 25, márùn-ún ni wọ́n ń yọ nínú ọgbọ̀n; nínú "ọ̀rọ̀ mẹ́rìnlélógún," nọ́ńbà ló ń kẹ́yìn, nínú "ogún ọ̀rọ̀," nọ́ńbà ló ń ṣáájú. Àwọn tó kọ Asterisk ti kọ ètò ọ̀tọ̀ fún èdè bíi Polish, Hébérù àti Ítálì. Wọ́n lè kọ ti Yorùbá náà. Kó tó di ìgbà náà, ọ̀nà tó yá jù ni kí wọ́n gba gbólóhùn odidi sílẹ̀ fún iye kọ̀ọ̀kan, láti "Ẹ ní ọ̀rọ̀ tuntun kan" dé "Ẹ ní àádọ́ta ọ̀rọ̀ tuntun," kí wọ́n sì fi "ẹ" bá gbogbo ẹni tó ni àpótí sọ̀rọ̀, torí ẹ̀rọ kò mọ ọmọdé yàtọ̀ sí àgbà.

Ohùn ìsọ̀rọ̀ Yorùbá kò ní bàjẹ́ lórí okùn fóònù bí àwọn kan ṣe ń bẹ̀rù. Lóòótọ́, ìwọ̀nba láti 300 sí 3,400 Hz ni tẹlifóònù àtijọ́ ń gbé, ohùn ọkùnrin sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ìyẹn. Etí èèyàn máa ń fi ìró òkè tó kù mọ ibi tí ohùn dé, òkè, ìsàlẹ̀ àti àárín sì ń yé gbogbo èèyàn. Ohun tó lè gbé ohùn lọ ni àlàfo, ìdá mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá kan tí hypervisor gbà lọ́wọ́ ẹ̀rọ. Ẹni tó bá ń gba ohùn sílẹ̀ fún fódà yo kó ṣe é ní 8,000 Hz, ní mono, kó sì gbọ́ ọ láti ara fóònù gidi, ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ Ajé, nígbà tí server bá kún. Bí gbólóhùn kan bá ṣì kù tí wọn kò tíì gbà, Asterisk á mú ti Gẹ̀ẹ́sì lò dípò rẹ̀, nítorí náà iléeṣẹ́ lè bẹ̀rẹ̀ láti orí fáìlì kan ṣoṣo tó ń jẹ́ vm-intro, èyí tó ń sọ fún oníbàárà pé kó fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n sì máa fi ìyókù kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.